Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀fẹ́ ni Subspace Continuum, ẹ má fowó rà á

Ẹ̀yin ará Adó, Ìwòrókò àti Ìkẹ́rẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé Subspace Continuum wá fún yín nínú fúláàṣì, tó ní kí ẹ sanwó "key" (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géèmù) rẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ọdún 1997 ni géèmù ogun ọkọ̀ òfurufú yìí jáde gẹ́gẹ́ bí SubSpace. Láti 2015 ló ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò béèrè key kankan. Orúkọ àti password tí ẹ fúnra yín yàn ló ń béèrè, bí ẹni tó tà á bá sì bá yín yàn wọ́n, òun náà á máa fi wọlé.

"Full upgrade" tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ló tiẹ̀ ń bí wa nínú jù. Ọkọ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, láti Warbird dé Shark, owó kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́n. Inú máàpù lẹ ti máa ń ṣa àwọn ẹ̀bùn aláwọ̀ ewé tó ń fi kún agbára ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ zone (ibi ìgbá géèmù tó ní òfin tirẹ̀), bí wọ́n bá ti yìn yín lulẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣà ti lọ nìyẹn, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n wá tà fún yín? (Ẹ̀yin tuntun, agbára tí ẹ fi ń yìnbọn náà lẹ fi ń gba ọta sára. Ẹ má yìn ín tán.)

Irọ́ ni fáìlì "anti-lag" náà, tí wọ́n ní ó ń dá lag (kí géèmù máa falẹ̀) dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fa lag. Bí data bá ń sọnù lójú ọ̀nà jù, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù) á yọ yín kúrò nínú ogun, ẹ ó di òǹwòran. Ẹ gbìyànjú síìmù míì, tàbí kí ẹ gbá a lóru.

Bí setup inú fúláàṣì bá ní kí ẹ pa Windows Security kó tó wọlé, ẹ yọ fúláàṣì náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ tan "File name extensions" sílẹ̀ ní Windows, kó máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn yín: fáìlì tó jọ àwòrán, tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .exe, kì í ṣe àwòrán. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́, kó pa data, kó fi Microsoft Defender Offline scan wá virus. Orí fóònù míì ni kó ti pààrọ̀ password í-meèlì àti ti báǹkì, kì í ṣe orí láptọ́ọ̀pù yẹn.