Àgbéyẹ̀wò irinṣẹ́ ìyọ-bóòtù: ẹ rà á nítorí sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù rẹ̀

Bóòtù tí orí rẹ̀ ti bó tàbí tó ti kán ni wọ́n ń fi irinṣẹ́ yìí yọ, oríṣi nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sì kó sínú àpótí rẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, láti 10 mm dé 19 mm, tí eyín wọn lọ́ yípo nínú lọ́hùn-ún. Bíìtì dírììlì tó ń yí sọ́wọ́ òsì wà níbẹ̀. Síkúrù ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní kéèyàn kì bọ inú bóòtù tó ti kán kó sì fi yí i jáde. Èyí àkọ́kọ́ tó owó tí wọ́n ń tà á, èkejì yà mí lẹ́nu, ẹ̀kẹta sì rèé, inú àpótí ló máa dàgbà sí.

Iṣẹ́ tí mo fi dán an wò kì í ṣe iṣẹ́ eré. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àlàfo) máńfólò èéfín, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde, ló jó lára ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, jẹ́ alumíníọ̀mù. Nínú gbogbo bóòtù ẹ́ńjìnnì, tibẹ̀ ló ń jìyà jù: wọ́n á gbóná janjan, wọ́n á tutù, omi ojú títì á tún ta sí wọn lára. Irin tó bá sì wà nínú alumíníọ̀mù, tí ọ̀rinrin wọ àárín wọn, àwọn méjèèjì á máa jẹ ara wọn títí wọ́n á fi lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ti fi sókẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá bó orí àwọn bóòtù náà. Ó ti kán ọ̀kan sínú hẹ́ẹ̀dì, ó sì fi gọ́ọ̀mù pa ojú rẹ̀ dé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Sókẹ́ẹ̀tì lásán, igun orí bóòtù ló ń dì mú. Tí igun bá ti kúnná, bẹ́ ẹ ṣe ń fipá yí i tó náà ni á ṣe máa yọ̀ tó. Èyí tó wà nínú àpótí yìí kò wá igun kankan. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ díẹ̀, eyín rẹ̀ sì lọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń yí i sọ́wọ́ òsì, ńṣe ló ń jẹ irin náà wọlé sí i, bí ìgbà téèyàn ń fa eegun lẹ́nu ajá. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lórí bóòtù náà, nítorí ìpẹtà kì í ṣe irin, eyín tó bá jẹ òun máa yọ̀ ni. Ẹ mú sókẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ lásán kò lè tì wọlé, kẹ́ ẹ fi òòlù gbá a kó jókòó tààrà. Orí 12 mm tó ti bó, 11 mm ló gbé e níbi tèmi. Tí èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ bá lẹ fi ṣe é, ìyókù orí bóòtù náà lẹ máa ha dànù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì náà ní igun mẹ́fà níta. Níbi tí ráṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí sókẹ́ẹ̀tì, kò ti lè ráyè, sípánà lásán lè dì í mú. Bóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì sí àyè awakọ̀, ọ̀nà yìí nìkan ló gbà jáde. Ìwé inú àpótí ní kò burú kéèyàn fi ẹ̀rọ ìtú-nọ́ọ̀tì yí i. Èmi kò gbà. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n tí bóòtù bá ń rọ̀ bíi pé ó fẹ́ já. Ẹ̀rọ kò mọ̀, ó kàn máa já a ni. Tọ́wọ́ bá ti gbọ́ ìrọ̀ yẹn, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, ẹ ta epo sí i, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí epo nínú àpótí, ẹ̀yin lẹ máa ra tiyín. Epo tí wọ́n dìídì ṣe kó lè wọ inú tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó lọ́ yípo lára bóòtù àti nínú ihò rẹ̀) tó dípẹtà ni kẹ́ ẹ wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré gbé WD-40 tó wà nílé, ṣùgbọ́n lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ògbólógbòó agolo yẹn lọ́dún 1953, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀: WD ni “Water Displacement”, ìyẹn lílé omi. Ẹ ta epo sí i lálẹ́, ẹ sùn, ẹ tún ta á láàárọ̀. Tó bá ṣì takú, ẹ jẹ́ kí iná bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ara alumíníọ̀mù tó yí i ká ni kẹ́ ẹ yọ iná sí, kì í ṣe orí bóòtù. Tí méjèèjì bá gbóná bákan náà, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, ihò á wá tú ọwọ́ rẹ̀ lára bóòtù. Ẹ nu epo yẹn kúrò dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣáná.

Ní ti èyí tí wọ́n ti kán sínú hẹ́ẹ̀dì, bíìtì òsì ló bá mi ṣe é. Mo fi fáìlì tẹ́ ojú rẹ̀, mo fi páńṣì sàmì sí àárín gbùngbùn, mo wá yí dírììlì sí ẹ̀yìn, mo ń lu ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú epo, bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣáájú. Bíìtì ọwọ́ ọ̀tún á máa dè é mọ́lẹ̀ sí i bó ṣe ń lu ihò. Tòsì ń tú u bó ṣe ń lu ihò. Nígbà tí mo bọ́ sórí bíìtì tó tóbi díẹ̀, ó gán irin náà, àjákù bóòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí jáde fúnra rẹ̀. Mi ò retí irú ẹ̀. Ojú bíìtì náà ti kú lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn o, tí bóòtù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí, ìyẹn èyí tí irin rẹ̀ le gan-an, ẹ wá bíìtì tó le ju èyí lọ.

Síkúrù ṣóńṣó wá ńkọ́? Orí fáìsì, irinṣẹ́ tó ń di nǹkan mú ṣinṣin, ni mo ti dán an wò, lára bóòtù àlòkù tó ti dípẹtà mọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì já sínú rẹ̀ pọ́ọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ rò ó wò: bóòtù já nítorí pé ipá tí wọ́n fi yí i kò lè tú u. Báwo ni ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ ṣe fẹ́ gba ipá tó ju ìyẹn lọ? Bó ṣe jẹ́ ṣóńṣó yẹn náà, ńṣe ló ń fẹ àjákù bóòtù mọ́ ògiri ihò, tí yóò wá há jù ti tẹ́lẹ̀. Irin rẹ̀ le gan-an, ó sì máa ń já wẹ́rẹ́. Tó bá já sínú hẹ́ẹ̀dì yín, bíìtì lásán kò ní ràn án. Ó di ti bíìtì kábáìdì tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ìṣáná iná mànàmáná jẹ irin. Ibi kan ṣoṣo tó ti wúlò ni bóòtù tó já nítorí pé wọ́n dè é jù, tí ìpẹtà kò mú un nísàlẹ̀. Fún èyí tó dípẹtà, ẹ pe wẹ́dà kó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lórí. Iná wẹ́díìn yẹn á tú u nínú, nọ́ọ̀tì á sì fún sípánà ní ibi tó máa dì mú. Ẹ yọ bátìrì kúrò lára ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kéékèèké: nọ́ńbà ara sókẹ́ẹ̀tì kò jinlẹ̀, epo ti fẹ́ pa tèmi rẹ́. Wọn kò sì fi irin tó ń ti bóòtù jáde sínú àpótí, bẹ́ẹ̀ bóòtù máa ń há sínú sókẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti jáde tán. Mo máa ń fi fáìsì mú bóòtù náà, kí n yí sókẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ ra bóòtù tuntun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí eyín yẹn kò ní fi orí kankan sílẹ̀ tí ẹ lè tún lò. Tírẹ́ẹ̀dì inú hẹ́ẹ̀dì tó bá sì kú, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àpótí yìí. Heli-Coil, wáyà tó lọ́ yípo tí wọ́n ń fi ṣe tírẹ́ẹ̀dì tuntun sínú ihò, lẹ máa wá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí bóòtù yín jẹ́ èyí tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú orí rẹ̀, tí orí náà tún rì sínú ihò: sókẹ́ẹ̀tì yìí kò ní rí ibi jẹ, bíìtì òsì nìkan ló máa wúlò fún yín, ẹ sì lè rí ìyẹn rà lọ́tọ̀.