dnsmasq lórí Linux: ìrírí mi pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì orí okùn tẹlifóònù

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lo dnsmasq, ètò ọ̀fẹ́ tí Simon Kelley kọ láti máa gba ìbéèrè DNS (ìbéèrè tó ń sọ orúkọ ojúlé di àdírẹ́sì onínọ́ńbà) kí ó sì máa tọ́jú èsì rẹ̀ pa mọ́, lórí kọ̀ǹpútà Linux kan tó ń gba orí okùn tẹlifóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń dá wọn dúró gan-an.

Ìṣòro tèmi nìyí: bí mo bá tẹ orúkọ ojúlé kan, ojú ẹ̀rọ á dákẹ́ bí ẹni pé n kò tẹ nǹkan kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni ojú ìwé náà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Módẹ́ẹ̀mù ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n bí módẹ́ẹ̀mù 56K tilẹ̀ lọ́ra tó, ìbéèrè DNS kéré púpọ̀, kò sì yẹ kí èsì rẹ̀ pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Márùn-ún yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, torí pé iye àkókò tí Linux máa ń fi dúró de sáfà DNS àkọ́kọ́ kó tó lọ bi èkejì nìyẹn, bí a kò bá yí i padà.

Mo ṣí /etc/resolv.conf, fáìlì tí Linux ń kọ àdírẹ́sì àwọn sáfà DNS sí, mo sì fi dig, ètò tí a fi ń dán DNS wò, bi sáfà méjèèjì tó wà níbẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì dáhùn, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé «Query time: 190 msec». Àkọ́kọ́ kò fọhùn rárá. Àdírẹ́sì sáfà tó ti kú ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi ń fi ránṣẹ́, àti nítorí pé usepeerdns, àṣẹ tó ń gba àdírẹ́sì sáfà DNS lọ́wọ́ wọn, wà nínú ètò pppd mi tó ń so ẹ̀rọ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lórí okùn, gbogbo ìgbà tí mo bá tún pe ìlà ni ó ń padà wọlé, kódà lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Mo yọ usepeerdns kúrò, ìdádúró náà sì pòórá. dnsmasq ìbá bò ó mọ́lẹ̀ fún mi, torí sáfà tó bá ń dáhùn ló máa ń gbà lò, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo rí orísun rẹ̀ ná.

Ohun tí dnsmasq ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Glibc, àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ètò lórí ọ̀pọ̀ Linux ń gbà béèrè orúkọ, kì í tọ́jú èsì DNS pa mọ́, nítorí náà, bí ètò kan bá tún béèrè orúkọ kan náà, orí okùn ni ìbéèrè náà yóò tún gbà. Ojú ìwé kan ṣoṣo sì lè pe orúkọ mẹ́wàá, kí á má tíì sọ pé a lè béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, fún IPv4 àti fún IPv6, oríṣi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì méjì. Mo kọ nameserver 127.0.0.1 (àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀) sínú resolv.conf, mo kọ no-resolv (kí dnsmasq má ka resolv.conf) àti sáfà tó ń dáhùn sínú /etc/dnsmasq.conf, mo sì gbé cache-size, iye èsì tó lè tọ́jú, kúrò ní 150 lọ sí 1000. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi dig béèrè orúkọ kan, 190 ló tún kọ; nígbà kejì, 0 ni.

Ẹni tó bá ń pín ìlà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ Windows, tí módẹ́ẹ̀mù sì ń pe ìlà fúnra rẹ̀, yóò mọ rírì filterwin2k, tó ń dá àwọn ìbéèrè àìnídìí tí Windows ń rán dúró kí wọ́n má baà jí módẹ́ẹ̀mù. Kí ẹnikẹ́ni má sì lo ẹ̀dà tó ṣáájú 2.83, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, torí ó ní àléébù tí ẹlòmíràn lè gbà fi èsì èké sínú ohun tí ètò náà ń tọ́jú.

Àbùkù kan ló dùn mí. Inú mẹ́mórì nìkan ni dnsmasq ń tọ́jú èsì sí, tí mo bá ti pa ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ti lọ. pdnsd, ètò mìíràn tó jọ ọ́, tí wọ́n ro ti íntánẹ́ẹ̀tì orí okùn tẹlifóònù mọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, máa ń kọ tirẹ̀ sórí dísíìkì kó tó kú. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún dnsmasq. Ohun tó gba ìkan yòókù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.