Mítà yẹ́lò DT9205A: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná lágbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tí ẹ ní mítà tí a fi ń yẹ ohun èlò iná wò lẹ fẹ́ rà, méjì ni wọ́n sábà máa ń kó síwájú ẹni: DT830D kékeré tó wọ àpò ṣòkòtò, àti DT9205A gbàǹgbà tó wọ ẹ̀wù rọ́bà yẹ́lò. Ẹ fi kékeré sílẹ̀. Kò lè wọn kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́, tó ń ran fáànù lọ́wọ́ láti yí), bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ kàpásítọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ fáànù nílé.

Ẹ má sanwó láì dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì 9V sí i, ẹ yí i sí 200Ω (Ω, ìyẹn òòmù, ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), kí ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan ti dúdú. Nọ́ńbà tó máa wá kò yẹ kó tó 1Ω, kò sì gbọdọ̀ máa fò. Ẹ tẹ wáyà náà síwá sẹ́yìn. Bí nọ́ńbà bá ń sá lọ sá bọ̀, ó ti já nínú. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn mítà yìí wà: inú rẹ̀ sàn ju wáyà tó bá a wá lọ. Ẹ rántí pé "1" tó dá dúró lápá òsì kì í ṣe ení. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà já, tàbí pé ohun tí ẹ ń wọ̀n ju ibi tí ẹ yí i sí lọ.

Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́ ni kí ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí ìgbóná rẹ̀ sókè (bó bá wà ní òdo, "1" lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé ó ti kú), ẹ wá kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì méjì ìsàlẹ̀. Áyọ́ọ̀nù 1000W yẹ kó gbé nǹkan bí 50 sí 53Ω wá; kẹ́tùlù 2000W, bí 26Ω. Bó bá jẹ́ "1", ẹ tọ ọ̀nà iná láti ìta wọlé: fíùsì inú púlọ́ọ̀gì, okùn níbi tó ti ń ṣẹ́ lẹ́nu áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà fíùsì ìgbóná inú. Kí ẹ tó tún tì í bọ iná, ẹ yí mítà sí 2M, ẹ kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irin ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù. "1" ló gbọ́dọ̀ wá. Bí nọ́ńbà bá yọjú, iná ń jò sára rẹ̀ nìyẹn.

Fáànù tó ń kùn láì yí, kí ẹ má tètè dá kàpásítọ̀ lẹ́bi. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ yí bíléèdì rẹ̀. Bí kò bá yí gẹ̀rẹ̀, eruku ọyẹ́ àti irun ló ti há sí búṣì, ibi tí ọ̀pá àárín ti ń yí. Ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn kọ́ìlì, ẹ fi àkísà nu ọ̀pá àárín títí táá fi dán, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀kán méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. Òróró ìdáná kọ́ o! Ìyẹn máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù. Bó bá yí gẹ̀rẹ̀ tó ṣì ń kùn, ẹ yọ kàpásítọ̀, ẹ fi irin sùkùrudíráfà ọlọ́wọ́ rọ́bà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí iná inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n kọ 2.5µF ±5% sí lára (µF ni ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, ±5% ni bó ṣe lè lé tàbí dín) kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.375 lọ. Ṣé 1.6 lẹ rí? Ẹ mú òkú náà dání lọ sọ́jà. Kí µF bára mu, kí fóltì tuntun má sì kéré sí ti àtijọ́.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, níní mítà kò ní kí ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di iná tó lé ní 300V mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ gbígbẹ nu ojú rẹ̀, kí ẹ wọn bátìrì rìmóòtù: 1.5V ni tuntun, èyí tó bá ti wọ 1.2V ti rẹ̀. Bí ohùn bá ń jáde tí ojú ṣókùnkùn, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀. Tí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ló kú. Iṣẹ́ onítẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Máàkì tí mo yọ fún un: ihò 20A, tí a fi ń wọn iná tó ń ṣàn gba inú wáyà, kì í ní fíùsì. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà pupa síbẹ̀ tó sì ti ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti so iná pọ̀ mọ́ra nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò VΩ ni kí wáyà pupa wà, kí ẹ sì yí i sí 750 tó ní àmì ~. Bí àmì bátìrì bá ti yọ lójú rẹ̀, ẹ má gba ohun tó bá sọ gbọ́, torí bátìrì tó ń kú máa ń jẹ́ kó bu kún nọ́ńbà: iná 220V á di 260, onílé á sáré pa fíríìjì lásán. Bátìrì 9V gidi kan àti wáyà tó nípọn ni kí ẹ rà mọ́ ọn lọ́jọ́ náà gan-an.