Photo-Flo 200: Ó bá mi lé àpá omi kúrò lára fíìmù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọ fíìmù nílé, ẹ gbọ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo Kodak Photo-Flo 200, oògùn olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi ìkẹyìn tí wọ́n máa ń rẹ fíìmù kámẹ́rà sí kó tó gbẹ, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Omi borehole ilé wa ló ń dà mí láàmú tẹ́lẹ̀. Fíìmù á mọ́ kedere nígbà tó bá tutù, tó bá wá gbẹ tán, àpá róbótó-róbótó funfun á ti kún ara ẹ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Rólù HP5 (fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ti Ilford) kan wà tí mo fi ya màmá àgbà, ọ̀kan nínú àpá yẹn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gẹ́lẹ́, nígbà tí mo skáànù ẹ̀ ó jáde bí ẹfun tí wọ́n tọ́ sí wọn lójú. Ó dùn mí wọra.

Nǹkan yìí kì í jẹ́ kí omi ṣù jọ bó ṣe máa ń ṣù sórí ewé kókò, ńṣe lomi á tẹ́ pẹrẹsẹ, á ṣàn lọ. Àmọ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò o! Ìdá 1 sí 200 ni. Tánkì kékeré tí mo fi ń fọ fíìmù ń gba bíi 300 ml, torí náà 1.5 ml péré ni mo ń fi síríǹjì fà, ìgò kan á fọ igba fíìmù, á tún ṣẹ́kù. Lákọ̀ọ́kọ́ mo kàn dà á gbuu ni, fíìmù gbẹ tán ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, mo ní láti tún fi omi ṣan án látìbẹ̀rẹ̀.

Omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Mo gbìyànjú píọ́ wọ́tà, ó sàn díẹ̀, àpá kọ̀ọ̀kan ṣì ń yọ, omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oru ẹ̀ kó tún di omi, ló tán ìṣòro yẹn. Omi ilé ni mo ṣì fi ń ṣan fixer (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró lára fíìmù) kúrò lọ́nà ti iléeṣẹ́ Ilford: ẹ rọ omi sí i, ẹ yí tánkì dorí kodò lẹ́ẹ̀ 5, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ òmíràn, lẹ́ẹ̀ 10, lẹ́yìn náà 20. Ìkẹyìn nìkan ni distilled àti Photo-Flo, bíi ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìka nù ún, ẹyọ iyanrìn kan ti tó láti ha á látòkè délẹ̀. Balùwẹ̀ ni mo ń so ó kọ́ sí, pẹ́ẹ̀gì lókè, pẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀, mo á kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná síbẹ̀ kí oru ẹ̀ mú eruku balẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, mo á wá tilẹ̀kùn. Kò sí fáànù rárá.

Rólù màmá àgbà yẹn, mo tún rẹ ẹ́ sínú distilled pẹ̀lú Photo-Flo. Àpá méjì ṣì kù lápá ibi tí ojú ọ̀run wà nínú fọ́tò, àmọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti lọ.