Wáyà inú, wáyà ẹ̀yìn tàbí USB: ọ̀nà wo ni kí hẹ́dífóònù yín gbà dé sound card?

Ẹ ti fi sound card tuntun, ìyẹn káàdì tó ń gbé ohùn jáde, sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ki hẹ́dífóònù bọ jáàkì iwájú kéèsì, ohùn tó ń ti ara motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, jáde náà lẹ ṣì ń gbọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wáyà tó ti jáàkì iwájú wá ṣì wà lórí motherboard, káàdì tí ẹ náwó lé lórí ò mọ̀ pé jáàkì kankan wà níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta làwọn èèyàn ń gbà. Àwọn kan á yọ wáyà iwájú kúrò lórí motherboard, wọ́n á gbé e sórí káàdì. Àwọn kan á ra wáyà àfikún, wọ́n á kì í bọ jáàkì ẹ̀yìn káàdì, wọ́n á fà á wá síwájú. Àwọn tó kù á ra USB kékeré tó ń gbé ohùn jáde.

Ní ti owó, wáyà inú ò ná yín ní nǹkan kan bó bá gùn tó, wáyà ẹ̀yìn ò wọ́n, USB sì wà láti orí olówó pọ́ọ́kú dé èyí tó wọ́n ju káàdì fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bóyá wáyà inú ṣeé ṣe rárá. Àwọn káàdì bíi Sound Blaster Z, AE-5 àti Xonar DGX ní header tiwọn, ìyẹn ìdì píìnì tí plọ́ọ̀gì wáyà iwájú ń wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káàdì olówó kékeré ò ní. Ẹ wo àwòrán káàdì dáadáa: píìnì mẹ́sàn-án ní ìlà méjì, àlàfo kan ní ipò 8. Bí àlàfo bá wà ní ipò 9, USB 2.0 nìyẹn, ẹ má fi agbára tẹ plọ́ọ̀gì ohùn mọ́ ọn. Ẹ yẹ kéèsì náà wò. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì òkè òkun wá, pàápàá àwọn tó rí pẹlẹbẹ, ara motherboard gan-an ni wọ́n jó jáàkì iwájú mọ́. Kò sí wáyà tí ẹ máa yọ.

Ibi tí wáyà inú ti ń jẹ sùúrù ni bí káàdì ṣe ń mọ̀ pé hẹ́dífóònù ti wọlé. Oríṣi plọ́ọ̀gì iwájú méjì ló wà, wọ́n sì jọra débi pé méjèèjì á wọ orí píìnì kan náà wọ́ọ́rọ́wọ́. AC'97 ni ti àtijọ́, láti ọdún 1997. HD Audio ni èyí tí Intel gbé jáde ní 2004. Nínú méjèèjì, ohùn etí ọ̀tún wà lórí píìnì 5, ti òsì lórí 9, máìkì lórí 1, ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) lórí 2. Píìnì 3, 4, 6, 7 àti 10 ni wọn ò ti fohùn ṣọ̀kan.

Nínú AC'97, ohùn máa ń gba 5 àti 9 lọ síwájú, á gba inú jáàkì kọjá, á gba 6 àti 10 padà sọ́dọ̀ sípíkà ẹ̀yìn. Bí hẹ́dífóònù bá wọlé, irin inú jáàkì á ṣí, sípíkà á dákẹ́. Nínú HD Audio, ohùn kì í padà. Píìnì 7 ló ń gbé àmì lọ. Bí hẹ́dífóònù bá wọlé, swíìṣì kékeré inú jáàkì á pa 7 pọ̀ mọ́ 10, ti máìkì á pa 7 pọ̀ mọ́ 6. Òun ni software káàdì fi ń mọ ohun tó ń lọ. Ẹ wá fi plọ́ọ̀gì AC'97 sórí káàdì HD Audio: orin á ya wọ ojú ọ̀nà àmì, káàdì ò ní rí hẹ́dífóònù, tàbí kó máa rí i kó tún máa sọ ọ́ nù, sípíkà á sì máa dún lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ló lè ba nǹkan jẹ́. Bí header káàdì àtijọ́ bá jẹ́ ti AC'97, 5 volt ló wà lórí píìnì 4. Nínú plọ́ọ̀gì HD Audio, ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n so 4 yẹn mọ́. Iná bá ẹ́ẹ̀tì pàdé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra káàdì àlòkù, kó wá ìwé káàdì náà kà kó tó sanwó, torí ọ̀rọ̀ ẹnu “ó ń ṣiṣẹ́” ti ẹni tó ń tà á kò kan píìnì 4.

Ti kéèsì rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ ṣètò mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò síbi tó ti ń dún bí wáyà bá so pọ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ihò 7 àti 10 lára plọ́ọ̀gì iwájú, kí ẹnì kan ki hẹ́dífóònù bọ jáàkì. Bó bá dún nígbà tí hẹ́dífóònù wọlé, tó dákẹ́ nígbà tó jáde, HD Audio gidi ni. Bí kò bá dún rárá, AC'97 ni, tàbí kí jáàkì náà ti kú.

Kéèsì AC'97 tí wáyà rẹ̀ wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ṣeé lò. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sára wáyà: MIC (máìkì) lọ sí 1, GND (ẹ́ẹ̀tì) sí 2, MIC BIAS (iná máìkì) sí 3, FPOUT-R (ohùn ọ̀tún) sí 5, FPOUT-L (ohùn òsì) sí 9. RET-R àti RET-L tó ń gbé ohùn padà kò gbọ́dọ̀ kan ibì kankan, ẹ wé wọn ní téèpù. Bí káàdì bá ṣì kọ̀, wáyà tín-ínrín kan láàárín 7 àti 10 á mú kó gbà pé hẹ́dífóònù wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Jumper kékeré, ike tí wọ́n fi ń pa píìnì méjì pọ̀, ò lè ṣe é, torí 7 àti 10 ò dojú kọra. Láti ìgbà náà lọ, inú software lẹ ó ti máa yan sípíkà tàbí hẹ́dífóònù fúnra yín.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ariwo ń bẹ. Nínú ọ̀pọ̀ kéèsì, bọ́ọ̀dù kékeré kan náà ló gbé USB àti jáàkì iwájú, wọ́n sì jọ ń lo ẹ́ẹ̀tì kan. Flash drive ń ṣiṣẹ́, ṣíì-ṣíì ń dún létí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ plọ́ọ̀gì USB iwájú kúrò lórí motherboard, ẹ tan án padà. Bí ariwo bá lọ, sound card ò jẹ̀bi, ẹni tó ṣe kéèsì ló jẹ̀bi. Igun ìsàlẹ̀ motherboard ni header ohùn sábà máa ń wà, wáyà kéèsì sì lè má gùn kọjá ibẹ̀. Ẹ lè ra àfikún HD Audio tó gùn tó 30 cm, ẹ gba ẹ̀yìn motherboard fà á, kó má gba orí graphics card kọjá.

Wáyà ẹ̀yìn kò mọ AC'97, kò mọ píìnì 4, kò sì bá USB pín ẹ́ẹ̀tì. Lórí àwọn káàdì kan, jáàkì ẹ̀yìn nìkan ni amplifier hẹ́dífóònù dé, header iwájú kì í rí agbára yẹn. Wáyà mítà méjì tó. Ẹ yẹra fún èyí tó tín-ínrín bí okùn àpò ìyẹ̀fun: ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í lágbára, ohùn ọ̀tún á máa jò sí òsì, pàápàá fún hẹ́dífóònù 16 sí 32 ohm (ohm ni ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà). Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ní òrùka dúdú mẹ́ta nílò wáyà tó ní mẹ́ta bákan náà, pẹ̀lú splitter tó ya máìkì sọ́tọ̀ lẹ́yìn káàdì. Wáyà kan á máa hàn lórí tábìlì, kò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

USB ò lo káàdì yín rárá. Bí ẹ ò bá tíì ra káàdì, ó tọ́ ká rò ó. Bí ẹ bá ti rà á, owó orí owó ni.

Ẹni tí kéèsì rẹ̀ jẹ́ HD Audio, tí káàdì rẹ̀ ní header, tí wáyà rẹ̀ sì dé ibẹ̀, kó lo wáyà inú, máìkì àti hẹ́dífóònù á jọ ṣiṣẹ́ láìsí okùn kankan níta. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá dá a lójú, wáyà ẹ̀yìn ni kó rà, kó fi wáyà iwájú sílẹ̀ lórí motherboard fún ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi kílípù di ẹnu wáyà náà mọ́ etí tábìlì, torí bí ẹsẹ̀ bá kọ́ ọn, jáàkì ara káàdì ló máa ń kọ́kọ́ mì.