Páàkì Gas Works ní Seattle, Amẹ́ríkà: òfin omi dára, òfin gígun ilé gogoro ló mẹ́hẹ

Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kó má wulẹ̀ di aṣọ ìwẹ̀ wá síbí. Lójú lásán, omi adágún Union mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì ló wà lórí ilẹ̀ yìí láti 1906 títí di 1956, ìdọ̀tí ọ̀dà àti kẹ́míkà rẹ̀ sì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka ìlúwẹ̀ẹ́, kíki ẹsẹ̀ bọmi àti títi ọkọ̀ ojú omi láti etí páàkì léèwọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan ṣoṣo tó tẹ ẹrẹ̀ yẹn tó láti rú u sókè. Mo fara mọ́ òfin yìí nítorí ìlú kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Bí ooru bá mú yín, adágún Green Lake kò jìnnà. Àwọn adóòlà ẹ̀mí máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí àwọn ọmọ tó bá ṣeré ní Gas Works sì fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àwọn ilé gogoro onírin tó ṣẹ́ kù lára ilé iṣẹ́ gáàsì náà. Richard Haag tó ya àwòrán páàkì náà, tí wọ́n ṣí ní 1975, ló ní kí wọ́n má wó wọn, wọ́n sì rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ irin tó ti dógùn-ún ni, fẹ́ǹsì ni wọ́n sì gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò ó lóru kí wọ́n lè wo iná ìlú láti òkè. Àwọn kan ti já bọ́, wọ́n sì kú. Fẹ́ǹsì nìkan kò tó níbi tí àkàsọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò ni páàkì yìí, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè dédé gé páìpù kan níbẹ̀ láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ṣí i. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Burke-Gilman gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì kì í sì í ṣe ọlọ́pàá, ẹ ronú bóyá gbogbo èèyàn máa ń jáde lóòótọ́ tí aago mẹ́wàá bá lù.

Ajá gbọ́dọ̀ wà lókùn. Bí tiyín bá fẹ́ràn omi, ẹ gbé e lọ sí páàkì Magnuson, níbi tí ààyè tí wọ́n ti ń tú ajá sílẹ̀ ti dé etí omi. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè nílò ìwé àṣẹ. Bíà kò wọlé láìgba àṣẹ.