Brahma tútù nini ní Salvador, lẹ́nu ọmọ Iléṣà

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí wọ́n ti ń pọn Trophy, nítorí náà ọ̀rọ̀ bíà kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo dé Salvador, olú ìlú Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, tí àwọn tó gbà mí lálejò ní kí n fi ẹnu tọ́ Brahma, bíà ilẹ̀ wọn, wò, ohun tí mò ń retí ni ọtí tó máa korò dénú ọ̀fun bíi Gulder. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó sì lọ. Mo gbé ife kalẹ̀, mo ní ṣé èyí náà ni? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé òṣùwọ̀n ilé ni mo ti ń fi wọn ọjà ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e wá, torí ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Àdúgbò Rio Vermelho la wà, ní gbàgede Largo de Santana, lórí àga oníke, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí wa. Ìgò mìlílítà 600 ni, ìyẹn 60 cl tí àwa náà mọ̀ dáadáa. Àmọ́ nílé, ẹnì kan, ìgò kan ni. Níbí, àwa mẹ́rin jókòó, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, ó wà nínú àpò fóòmù kí ooru má bàa rí i mú, pẹ̀lú ife gíláàsì kéékèèké mẹ́rin. Copo americano ni wọ́n ń pe ife náà. Mìlílítà 190 péré ló ń gbà, láti 1947 sì ni wọ́n ti ń ṣe é ní São Paulo. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni. Kì í ṣe ahun rárá. Bí ife bá kéré, ohun tó wà nínú rẹ̀ á tán kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá sì tán, ẹni tó sún mọ́ ìgò á da ti gbogbo wa kó tó kan tirẹ̀. N kò rí ẹni tó da ọtí sí ife tirẹ̀ nìkan láìwo ti ẹnìkejì.

Ìgò náà gbọ́dọ̀ funfun fún òtútù. Wọ́n lórúkọ fún funfun yẹn: véu de noiva, ìbòjú ìyàwó. Àwọn míì ń pè é ní canela de pedreiro, ojúgun bíríkìlà, nítorí sìmẹ́ńtì tó máa ń gbẹ sẹ́sẹ̀ àwọn tó ń mọlé. Mo rí tábìlì kan tí wọ́n dá ìgò padà nítorí pé kò ní ìbòjú, ọlọ́tí kò sì bínú, ó lọ mú òmíràn.

Nípa bó ṣe rí lẹ́nu: ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ gaara, ìhó rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkorò rẹ̀ kéré gan-an. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á gbọ́ òórùn àgbàdo díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí àgbàdo wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Òfin Bràsíl gbà kí ilé iṣẹ́ ọtí fi ọkà mìíràn kún bálì, títí dé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ bíà ń fi èyí bu bíà Bràsíl kù. Èmi kò bá wọn ṣe é. Àwa tí ìyá àgbà wa ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí ló fẹ́ mú wa fojú kéré àgbàdo? Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de bálì láti òkè òkun ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa gbá mú.

Àléébù kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀. Bí òtútù bá ti kúrò lára irú bíà fífúyẹ́ yìí, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́. Mo ra agolo kan, orúkọ mìíràn ni, ní etíkun lọ́sàn-án, lọ́wọ́ ẹni tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́. Ó ṣá lẹ́nu mi bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ. Mo dà á nù. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fi ife kan ṣeré fún odidi wákàtí, kó wá ọtí míì lọ.

Àkàrà ló yí ọkàn mi padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè funfun, jókòó ti agbada rẹ̀ ní gbàgede yẹn kan náà. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ṣì wà nínú rẹ̀ gbangba. Ẹ̀wà ni wọ́n bó, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó títí ó fi fúyẹ́, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in, kì í ṣe òróró. Ó tóbi tó ìkúùkù. Ìyá náà là á láàárín, ó fi vatapá, ọbẹ̀ ki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, omi àgbọn àti epo pupa sè, sí i, ó fi ìlá tí wọ́n ń pè ní caruru sí i, ó kó edé gbígbẹ lé e. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Quente ou frio?” Gbígbóná tàbí tútù. Ata ni wọ́n ń fi ìyẹn bèèrè. Mo ní gbígbóná. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà,” lédè wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Axé,” àṣẹ tiwa náà ni.

Mo gé àkàrà jẹ. Epo kún ẹnu mi, ata dé ọ̀fun, mo nawọ́ sí ife. Ìgbà yẹn ni Brahma ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó gbá epo lọ, ó rọ ata lójú, ó sì jẹ́ kí edé tún dùn lẹ́nu mi bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bíà tó korò ì bá bá ata yẹn jà. Èyí yàgò fún un. Ohun tí mo pè ní àìlágbára lọ́jọ́ kìíní, òun gan-an ni wọ́n fi ṣe é dára.

Bí a ṣe jókòó, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo àti ìlù lódìkejì gbàgede. Mo bi ẹni tó mú mi jáde pé ìlù wo nìyí. Ó ní ijexá, Ìjẹ̀ṣà gan-an ni. Mo ní kó tún un pè. Ìlù yẹn ni ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador dá sílẹ̀ ní 1949, máa ń lù jáde nígbà Carnaval. Orúkọ àwọn baba mi ni, tó bá àwọn tó ni ín wọ ọkọ̀ ẹrú, tí kò sì sọnù sómi. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Baba arúgbó kan ní tábìlì kejì da ọtí díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu. “O do santo,” ni wọ́n ń wí, ti òrìṣà. Mo da tèmi náà sílẹ̀.

Ní ti owó, real méjìlá, owó Bràsíl, ni mo san lórí ìgò kan. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, kò wọ́n. Skol náà wà níbi gbogbo, 4.7 ni tirẹ̀, ó sì jọ Brahma lẹ́nu mi. Brahma ló wù mí jù. Láti 1888 ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, Rio de Janeiro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí ńlá AB InBev kan náà ni òun àti Trophy ìlú mi wà lónìí. Ẹ má sì wa ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o, ife kan ṣoṣo náà kò sí: òfin Bràsíl ti 2008 kò fàyè gba díẹ̀, kò gba púpọ̀.

Bí ẹ bá dé Rio Vermelho, ẹ tò sídìí àkàrà kí ẹ tó pe ìgò. Ẹ má pe ìgò kejì kí àkọ́kọ́ tó tán. Bí ìyá aláṣọ funfun bá sì bèèrè, gbígbóná ni kí ẹ wí.